Ẹ ya fọ́tò ìwé bàbá yín kí òjò tó rọ̀

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nìyí tí òjò ti ba ìwé bàbá mi jẹ́, oorun kò tíì kùn mí dáadáa. Ẹ̀yin tí bàbá yín jagun rí, tí ohun tí wọ́n kọ wà nínú pọ́tímáńtò lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ẹ̀yin ni mo ń kọ èyí sí.

Bàbá mi wa bàálù nígbà ogun abẹ́lé. Ọdún 1964 ni wọ́n dá Iléeṣẹ́ Ọmọ Ogun Òfurufú sílẹ̀, àwọn ará Jámánì sì wà lára àwọn tó kọ́kọ́ kọ́ wọn níṣẹ́. Dornier 27 ni bàbá mi ń wà, bàálù kékeré ẹlẹ́ńjìnnì kan tó lè balẹ̀ síbi tí kò gùn. Wọn ò ju bọ́ǹbù rí o. Lẹ́tà, oògùn àti àwọn tó fara gbọgbẹ́ ni wọ́n ń gbé.

Lọ́jọ́ kan nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ọdún 1968, àwọn àti mẹkáníìkì wọn gbéra ní Benin, wọ́n forí lé Enugu. Orí Odò Ọya ni ẹ́ńjìnnì ti bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́, ló bá kú. Bàbá mi kọ ọ́ pé Ọ̀ṣun ni ọmọ Òròkí ń ké pè lórí Ọya. Yanrìn tó yọ láàárín omi ni wọ́n balẹ̀ sí. Omi ló ti wọnú epo. Omi wúwo ju bẹntiróò lọ, ìsàlẹ̀ táǹkì ló máa ń sùn sí, nítorí náà wọ́n jò ó dànù láti ìsàlẹ̀. Wọ́n wá rẹ awọ rírọ̀ sínú epo, wọ́n fi sẹ́ ìyókù sínú páànù díẹ̀díẹ̀, torí awọ tó ti mu epo kì í jẹ́ kí omi kọjá. Òru méjì gbáko ni wọn ò fi dáná kankan kí wọ́n má baà rí wọn.

Ojú ewé 31 nìyẹn. Ibẹ̀ ni mo kà dé.

Lẹ́yìn àdúà ogójì ọjọ́, a fẹ́ kun yàrá wọn ní Òkè-Báálẹ̀. Èmi fúnra mi ni mo gbé pọ́tímáńtò náà lọ sí yàrá ẹ̀yìn. Òjò rọ̀ mọ́jú. Nígbà tí mo ṣí i, omi aláwọ̀ búlúù ló ń kán lára ìwé náà, tàdáwà ti yọ́ tán. Láti ojú ewé 32 títí dé òpin, ó ti lẹ̀ mọ́ra bí ewé ẹ̀kọ. Mo fi ọ̀bẹ tọ́ ọ, ó ya. Ohun tí mo rí kà ni: “Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, a…” Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Àbúrò mi obìnrin dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, “Bọ̀dá mi, ṣé ẹ ti kà á tán kó tó rí báyìí?”

N kò lè dá a lóhùn.

Ẹ má sọ pé n kò bìkítà. Èmi ni mo ń ra oògùn wọn, èmi ni mo ń gbé wọn lọ sọ́síbítù. Ṣùgbọ́n ní oṣù keje ọdún 2021, nígbà tí àwọn agbébọn yìnbọn lu bàálù ogun Alpha Jet ní ẹnu ààlà Zamfara àti Kaduna, tí Abayomi Dairo tó ń wà á já bọ́ láàyè, tó fi òru bojú, tó fi fóònù wá ọ̀nà títí tó fi dé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ ogun wa, bàbá mi gbọ́ ìròyìn náà, wọ́n yíjú sí mi: “Ṣé o ti ka ìwé mi?” Mo ní, “Mo ń kà á lọ́wọ́, sà.” Irọ́ ni mo pa. Mi ò tíì ṣí i nígbà náà.

Nítorí náà, ẹ ya fọ́tò rẹ̀ lónìí, ojú ewé kọ̀ọ̀kan. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé pọ́tímáńtò. Ẹ bi wọ́n léèrè nígbà tí wọ́n ṣì lè fèsì, kí ẹ sì ya fọ́tò náà ṣáájú kí ẹ tó bi wọ́n. Ìwé bàbá mi kò ju ojú ewé 58 lọ. Kò lè gbà mí ní wákàtí kan.

Mẹkáníìkì wọn ṣì wà láyé ní Iléṣà. Mo lọ bá wọn ní Sátidé. Wọ́n ní imọ̀ ọ̀pẹ ni àwọn tẹ́ sábẹ́ táyà kí bàálù tó lè sáré lórí yanrìn, pé bàbá mi sì ń kọrin. Wọn ò rántí orin wo ni. Fóònù mi ń gba gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, ìṣẹ́jú 41.