X230 Bàbá Akọrin, apá kẹta: orin ti jáde, Windows kò ní padà

Inú mi dùn débi pé oorun ò kùn mí. Orin ìjọ tó wà nínú láptọ́ọ̀pù ThinkPad X230 ti Bàbá Akọrin, tí mò ń tún ṣe, ti jáde kúrò nínú háàdì dísìkì tó ń kú yẹn, ó ku ibì kan tí mo máa tó dé orí ẹ̀. Kíbọ́ọ̀dù àti RAM ti parí nígbà tó kọjá. SSD, dísìkì tuntun tó máa rọ́pò èyí tó ń kú, náà ti wọlé: síkúrù kan ló di ìdérí mú, mo fa ti àtijọ́ jáde, mo bọ́ rọ́bà ẹ̀gbẹ́ méjèèjì wọ tuntun, ó wọ̀ rẹ́gí. Mìlímítà 7 ni àyè inú X230, ẹ wo ìnípọn dísìkì kí ẹ tó sanwó.

Dísìkì àtijọ́ ló jẹ gbogbo àkókò mi. Nínú smartctl, irinṣẹ́ tó ń fi ìlera dísìkì hàn, ìlà 197, Current_Pending_Sector, ń gòkè ni ní gbogbo ìgbà tí mo bá wò ó. Ìlà yẹn ni dísìkì fi ń sọ pé ibi báyìí wà tí òun ò rí kà mọ́. Tí ẹ bá rí i tó ń gòkè, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tan Windows nínú ẹ̀ mọ́, ẹ má sì ṣe chkdsk, àtúnṣe dísìkì ti Windows, torí chkdsk lè kọ nǹkan sórí ohun tí ẹ fẹ́ gbà là. Ẹ kọ́kọ́ ka ohun tó ṣì ṣeé kà síbòmíì.

Ádápítọ̀ USB ni mo fi bẹ̀rẹ̀, bí mo ṣe wí ní apá kejì. Ó ń lọ dáadáa títí ó fi kan ibi tó bàjẹ́. Bó ṣe dé ibẹ̀, ádápítọ̀ já a sílẹ̀: dísìkì á pòórá nínú lsblk (àkójọ dísìkì inú Linux), á tún yọ padà pẹ̀lú orúkọ mìíràn, sdb á ti di sdc, ddrescue, irinṣẹ́ tó ń ṣe ẹ̀dà dísìkì tó ń kú, á sì dúró. Mo bá yí ètò padà. Mo yọ SSD, mo dá dísìkì àtijọ́ padà sí àyè ẹ̀ nínú X230, mo fi fláàṣì tan SystemRescue (Linux tó ń ṣiṣẹ́ láti orí fláàṣì), mo sì so dísìkì ìta 1TB mọ́ ọn láti gba ẹ̀dà. SATA, ojú ìsopọ̀ dísìkì inú láptọ́ọ̀pù, ní sùúrù ju ádápítọ̀ lọ. Ó ń sọ pé ibí ò ṣeé kà, ó sì ń kọjá lọ.

ddrescue -d -n /dev/sda baba.img baba.map

-n yẹn ló ṣe pàtàkì: kó gbé èyí tó rọrùn kọ́kọ́, kó má jìjàdù pẹ̀lú ibi tó le. Lẹ́yìn náà ni mo fi -R kún un kó máa kà láti ẹ̀yìn bọ̀ wá síwájú, torí ibi tí kò gbà láti iwájú máa ń gbà láti ẹ̀yìn. -r3 ló kẹ́yìn. Níbẹ̀ ni ìyára ti já wálẹ̀ sí ìsàlẹ̀ kílóbáìtì kan ní ìṣẹ́jú àáyá. Mo gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ẹ̀gbẹ́ kíbọ́ọ̀dù, mo ń gbọ́ bí orí dísìkì ṣe ń padà sẹ́yìn, táì, táì, tí á tún wá ibẹ̀ lọ. Mo kọjú fáànù sí i.

Bátìrì X230 yìí ti kú, ẹ sì mọ iná wa ní Agége. Wọ́n mú un lọ lóru, gbogbo ẹ̀ ṣókùnkùn. Nígbà tí wọ́n mú un wá, mo tẹ àṣẹ kan náà, ó bá iṣẹ́ lọ láti ibi tó dúró sí, torí fáìlì .map yẹn ń kọ ibi tó ti kà àti ibi tó kù sílẹ̀. Orí dísìkì ìta ni kí ẹ fi map sí o, torí ohun tó bá wà nínú SystemRescue fúnra ẹ̀ á bá iná lọ. Antonio Diaz Diaz ló kọ ddrescue. Kí Ọlọ́run bùkún un fún mi.

Ó wá ku kí n mọ fáìlì tí ibi tí kò jáde bọ́ sí. Mo fi --fill-mode kọ ọ̀rọ̀ àmì kan sí gbogbo àyè tí kò ṣeé kà nínú image, ìyẹn ẹ̀dà dísìkì (baba.img), mo wá ọ̀rọ̀ náà pẹ̀lú grep, irinṣẹ́ ìwá-ọ̀rọ̀, nínú àwọn fáìlì, lẹ́yìn náà mo fi òdo kún àyè náà padà. Ti Windows ló pọ̀ jù. Orin ìkórè kan, WAV, ló fara gbá a. Sector kan, báìtì 4096: nínú ohùn stereo 16-bit ti 44.1kHz, ìyẹn jẹ́ samples 1024, kò tó ìdá kan nínú 40 ìṣẹ́jú àáyá, ṣùgbọ́n etí gbọ́ ọ, ó dún "kọ́" láàárín ègbè. Repair inú Audacity, ètò tí a fi ń tún ohùn ṣe, kì í kọjá samples 128, nítorí náà kò ràn án. Ègbè ni, wọ́n tún un kọ. Mo gé ibi kan náà nínú ègbè kejì, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn. Mo gbọ́ ọ pẹ̀lú ìgbọ́rọ̀ létí, mi ò rí ojú ọgbẹ́ mọ́.

Fún ẹni tó ń lọ Computer Village láti ra dísìkì: ẹ mú láptọ́ọ̀pù dání, kí ẹ sì bẹ ọlọ́jà pé kó jẹ́ kí ẹ wo Power_On_Hours. Wọ́n kọ́kọ́ gbé ọ̀kan fún mi tí páálí ẹ̀ jẹ́ tuntun ṣùgbọ́n tí wákàtí inú ẹ̀ jẹ́ ti tòkunbọ̀. Mo dá a padà pẹ̀lú ìrẹ̀lẹ̀, wọ́n sì pààrọ̀ ẹ̀ láìsí ariwo.

Ètò mi tẹ́lẹ̀ ni kí n da image yẹn sórí SSD kí Bàbá bá Windows ẹ̀ bó ṣe fi í sílẹ̀. Àmọ́ 500GB ni ti àtijọ́. 480GB ni SSD. Bíi 20GB ló fi dín. Mo gbìyànjú láti fi irinṣẹ́ ntfsresize sún partition, apá dísìkì tí Windows wà, kì nínú image, ó kọ̀, ó ní kí n lọ ṣe chkdsk. Mo jókòó rò ó. Microsoft ti dáwọ́ ìtọ́jú Windows 10 dúró láti 14 Oṣù Kẹwàá 2025, Windows 11 ò sì gba irú ẹ̀rọ yìí. Kí ni mo tún ń jà fún? Mo pe Bàbá.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ sà. Orin yín ti jáde, ṣùgbọ́n Linux Mint ni ẹ ó máa lò báyìí."

"Ọmọ mi, o ṣeun. Ṣé màá lè fi àmì sórí ọ̀rọ̀ orin nínú ẹ̀?"

Kíbọ́ọ̀dù Yorùbá wà nínú Mint, ètò tó gba ipò Windows, lábẹ́ Nàìjíríà, mo sọ fún wọn bẹ́ẹ̀, wọ́n sì ní kí n máa bá a lọ. Mint ti wà lórí SSD, mo ń da àwọn orin padà bí mo ṣe ń kọ èyí.

Bátìrì ló kàn. Àwọn ThinkPad X230 máa ń kọ bátìrì tí kì í ṣe ojúlówó, wọn kì í jẹ́ kó gba iná, nítorí náà mi ò ní ra ìkankan tí mi ò bá kọ́kọ́ fi sínú ẹ̀rọ náà lójú ọlọ́jà.