Wáyà tó ń ti inú VFD lọ sí mọ́tò kì í ṣe wáyà ilé

Láti ẹ̀rọ ìlagi ní Bódìjà dé páńpù ilé-iṣẹ́ ní Olúyọ̀lé, VFD, ẹ̀rọ tó ń darí bí mọ́tò iná ṣe ń yára tó, ti ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ star-delta, ọ̀nà àtijọ́ tí wọ́n fi ń tan mọ́tò ńlá. Àwọn oníṣẹ́ iná kan ń pè é ní inverter. Kì í ṣe ti sólà là ń wí o. Owó gọbọi la fi ń rà á, àmọ́ tó bá wá kan wáyà tí yóò gbé iná dé mọ́tò, èyí tó ṣẹ́kù níbi iṣẹ́ ilé ni wọ́n á fà sí i.

Iná tó ń ti inú VFD jáde kì í ṣe iná NEPA. VFD á kọ́kọ́ sọ 415 V di DC (iná ojú kan, irú ti bátìrì), ìyẹn bíi 587 V, á wá máa tàn án, á máa pa á, ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí wáyà bá gùn, iná á kọlu ẹnu mọ́tò, á ta padà, fólítì á sì fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì. Rọ́bà wáyà ilé kì í pẹ́ lábẹ́ irú ìlù bẹ́ẹ̀. Kébù tó yẹ ni 0.6/1 kV, onírọ́bà XLPE (rọ́bà tó ń fara da ooru), ojú mẹ́ta pẹ̀lú wáyà ilẹ̀, tí àwọ̀n bàbà bo gbogbo rẹ̀. Bó bá ti ń kọjá 50 m, ẹ wo ìwé VFD yín. Ó ṣeé ṣe kó béèrè choke, ìyẹn kọ́ìlì tó ń dín ìlù iná yẹn kù, lẹ́nu ọ̀nà àbájáde.

Mọ́tò 7.5 kW ń jẹ bí amp 15. Kébù 4 mm² tó o, ó sì ṣẹ́kù díẹ̀ fún ooru abẹ́ páànù: bí ibẹ̀ bá gbóná dé 40°C, ẹ fi 0.91 sọ iye amp tí wọ́n kọ fún 30°C di púpọ̀. Àmọ́ ṣé 4 mm² ni lóòótọ́? Bó bá jẹ́ olófọ̀ọ́nrán méje, ẹ fi kálípà wọn fọ́nrán kan: 0.85 mm ló yẹ kó jẹ́. Bó bá jẹ́ 0.67, 2.5 mm² ni wọ́n tà fún yín. Ẹ tún fi ọ̀bẹ họ ọ́. Bí inú bá funfun, alumíníọ̀mù tí wọ́n fi bàbà bò ni.

Ìdí àwọ̀n bàbà yẹn gan-an ni iṣẹ́ ti máa ń bàjẹ́ jù. Wọ́n á lọ́ ọ pọ̀ bí ìrù eku, wọ́n á dè é mọ́ síkúrúù kan ṣoṣo. Iná tó ń yára tó báyẹn kì í gba irú ojú tóóró bẹ́ẹ̀ kọjá. Ẹ bó rọ́bà òde bíi 3 cm, kí gíláńdì onírin (ìdè ẹnu ibi tí kébù ń gbà wọlé) di àwọ̀n náà mú yípo, níbi VFD àti lára àpótí mọ́tò. Ẹ họ ọ̀dà ibi tí irin ti máa kan irin. Bí ẹ kò bá ṣe é, iná tó ń wá ọ̀nà padà lè gba inú bẹ́árìn. Mọ́tò á máa kùn hùn-ùn. Tí ẹ bá tú bẹ́árìn, ẹ ó bá ilà tó tò tẹ̀lé ara wọn lójú ọ̀nà bọ́ọ̀lù, bí ilà àbàjà.

Wáyà ilẹ̀ VFD fúnra rẹ̀: bàbà 10 mm², tàbí kí ẹ fa méjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, torí iná tó ń jò gba ibẹ̀ sábà máa ń ju 3.5 mA lọ, bí ẹyọ kan bá sì já, ara ẹ̀rọ á máa gbé èèyàn. Wáyà sensor, ẹ jẹ́ kó fi bíi 30 cm jìnnà sí ti mọ́tò. Bí wọ́n bá gbọ́dọ̀ pàdé, kí wọ́n dábùú ara wọn.

Kò sí capacitor láàárín VFD àti mọ́tò, láéláé. Ẹ má sì fi iná NEPA sí U, V, W, ìyẹn ẹnu tí VFD fi ń gbé iná fún mọ́tò. Á jó lójú ẹsẹ̀.

Kí ẹ tó fọwọ́ kan nǹkan, ẹ pa iná, ẹ dúró fún iye ìṣẹ́jú tí wọ́n kọ sára rẹ̀, kí ẹ wá wọn fólítì láàárín DC+ àti DC−, kó má lé ní 50 V. Tí ẹ bá fẹ́ fi megger, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo bóyá rọ́bà wáyà ṣì dára, wọn kébù, ẹ kọ́kọ́ tú u kúrò lára VFD. 500 V inú megger tó láti ba inú VFD jẹ́. Bí ó bá kà ju megohm kan lọ dáadáa, ẹ dè é padà. Bí kò bá tó bẹ́ẹ̀, pàápàá nígbà òjò, ẹ ṣí àpótí mọ́tò wò. Omi sábà máa ń gba ẹnu gíláńdì tí kò le wọlé. Ẹ jẹ́ kó gbẹ, kí ẹ tún un wọ̀n.