Fúláwà ní Kubwa, fúláwà ní Leeds

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà l'Abuja tẹ́ ẹ ń sọ pé fúláwà máa rọrùn fún wa ní Leeds níbí, nílẹ̀ England, torí òjò, ẹ jẹ́ n sọ bó ṣe rí. Nígbà tí mo ń gbé Kubwa, àyè tí mo ní ò ju ibi tí mọ́tò kan lè dúró sí lọ, ilẹ̀ pupa yẹn náà ni, ó máa ń gan lẹ́ẹ̀rùn débi pé ọkọ́ ò ní wọ̀ ọ́. Láti April títí dé October òjò ló ń bá mi ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n tí ọyẹ́ bá ti dé, mẹ́rúwà ni mò ń retí, á ti ọmọlanke ẹ̀ dé, a ó bẹ̀rẹ̀ sí í pín kẹ́ẹ̀gì, ti ìdáná, ti ìwẹ̀, omi tí mo bá fi ṣan ìrẹsì ló ń lọ sídìí hibiscus. Bougainvillea ni ò da ara ẹ̀ láàmú, kódà ìgbà tómi bá wọ́n gan-an ló máa ń yọ jù, ẹ lọ wo fẹ́ǹsì àwọn èèyàn ní January. Màlúù nìkan ni wàhálà ẹ̀, tí géètì bá ti ṣí pẹ́nrẹ́n, wọ́n á jẹ gbogbo ẹ̀ kanlẹ̀.

Leeds ńkọ́? Omi wà, lóòótọ́ wọ́n fòfin de fífi họ́ọ̀sì bomi rin ọgbà ní Yorkshire, agbègbè tí Leeds wà, ní July 2025, àmọ́ ta ni ò mọ kẹ́ẹ̀gì gbé nínú wa. Oòrùn ni kò sí! Ní December, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ilẹ̀ ti ṣú, ìgbà míì sì wà tí yìnyín á bọ́ nínú May tá á pa dahlia tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé síta, èyí tó bá sì kù, ìgbín tí ò ní ìkarahun á wá jẹ ẹ́ lóru. Omi ṣeé rà lọ́wọ́ mẹ́rúwà o, ta ló ń ta oòrùn?

Ṣùgbọ́n mo fẹ́ràn tulip wọn, mi ò lè parọ́. Ó ń ta bí àlùbọ́sà nísàlẹ̀, November la máa ń rì í mọ́lẹ̀, òtútù tó ń pa wá yẹn gan-an ló nílò kó tó lè yọ dáadáa ní April, ìdí nìyẹn tí n ò fi ní kó o ránṣẹ́ sí àǹtí mi ní Kubwa bí wọ́n ṣe ń bẹ̀ mí tó.

Síbẹ̀ hibiscus ni mo yàn. Ọjọ́ kan péré ni òdòdó ẹ̀ máa ń lò, ó ṣí láàárọ̀, ó ká lálẹ́, àmọ́ tílẹ̀ bá mọ́ ẹ ó tún bá òmíì níbẹ̀. Èyí tí mo gbìn síbí, inú póòtù ló wà lójú wíńdò, láti October ni mo ti gbé e wọlé.