Ta ni ń san owó àtúnṣe ọmú? Houston àti Ògbómọ̀ṣọ́

Láti ìgbà tí mo ti ń gbé ní Houston, ohun tí ó yà mí lẹ́nu jù nínú ìtọ́jú jẹjẹrẹ ọmú ni pé òfin Amẹ́ríkà kò ka títún ọmú tí a gé ṣe sí oge. Òfin tí wọ́n ṣe ní 1998 pàṣẹ pé ètò adójútòfò tí ó bá ń san owó gígé ọmú gbọ́dọ̀ san ti àtúnṣe rẹ̀, ti iṣẹ́ abẹ lórí ọmú kejì kí méjèèjì lè dọ́gba, ti ọmú àtọwọ́dá, àti ti ìtọ́jú apá tí ó bá wú lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ.

Ṣùgbọ́n òfin náà kò fagi lé owó tí aláìsàn fúnra rẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ san kí ilé-iṣẹ́ adójútòfò tó dá sí i, ibẹ̀ gan-an sì ni wàhálà wà. Àtúnṣe ọmú kì í sábà parí lẹ́ẹ̀kan: wọ́n lè kọ́kọ́ fi àpò tí ń fẹ awọ sí àyà, kí wọ́n yọ ọ́ lẹ́yìn oṣù mélòó kan láti fi ọmú àtọwọ́dá tí à ń fi sábẹ́ awọ rọ́pò rẹ̀, kí wọ́n tó wá ṣe orí ọmú. Nínú ọ̀pọ̀ ètò, owó àkọ́san yìí ń bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun ní oṣù Ṣẹ́rẹ́, nítorí náà ẹni tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní ìparí ọdún yóò san án lẹ́ẹ̀mejì. Bí oníṣẹ́ abẹ tí ó mọ bí a ṣe ń fi ọ̀rá ikùn ṣe ọmú kò bá sí nínú àwọn tí ilé-iṣẹ́ náà bá ṣe àdéhùn, owó tún gorí owó. Obìnrin kan nínú ìjọ wa kọ lẹ́tà sí ilé-iṣẹ́ adójútòfò rẹ̀ títí ó fi sú u.

Nílé ní Nàìjíríà ńkọ́? Ìwé ìlànà NHIS, ètò adójútòfò ìlera ìjọba àpapọ̀ nígbà náà, ti 2012 ka iṣẹ́ abẹ àtúnṣe ọmú mọ́ ohun tí kò ní san rárá. Òfin 2022 ti sọ adójútòfò ìlera di dandan, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ obìnrin tí mo mọ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́ kò ní káàdì kankan. Ọwọ́ àwọn ọmọ àti ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ni owó gígé ọmú àti ti kẹ́mò (oògùn tí ń pa jẹjẹrẹ) ti ń wá. Àwọn oníṣẹ́ abẹ àtúnṣe wà ní UCH Ìbàdàn, ṣùgbọ́n nígbà tí mo dárúkọ rẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n mi kan ní Sábó, tí ó ń fi fóòmù sínú kọ́mú, ó ní, “Àbúrò mi, jẹ́ kí n kọ́kọ́ san gbèsè kẹ́mò ná.”

N kò retí pé kí OYSHIA, àjọ adójútòfò ìlera ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, gba ẹrù iṣẹ́ abẹ ńlá lọ́dún yìí. Bí ó bá jẹ́ èmi ni mo ń kọ ìlànà wọn, ọmú àtọwọ́dá tí à ń kì sínú kọ́mú ni n óò ti bẹ̀rẹ̀, nítorí kò nílò yàrá iṣẹ́ abẹ, owó rẹ̀ kò sì tó ti iṣẹ́ abẹ rárá.