Òkun kí wa, ó sì gba wíìgì mi

Kubwa, ọjọ́ Ẹtì, 2 oṣù kìíní, 2026

Agogo mẹ́wàá alẹ́ ti kọjá. NEPA ti mú iná lọ, ọyẹ́ ń fẹ́ wọlé lábẹ́ ilẹ̀kùn, ètè mi ti là. Wíìgì mi wà lórí okùn aṣọ níta, ó gan bí ẹja gbígbẹ. Alẹ́ àná la dé láti Èkó.

Ọdún mẹ́ta ni mo fi ń ṣèlérí fún ọmọ mi pé màá mú un lọ wo òkun. Nígbà tó fẹ́ pé ọdún méjìlá, ní oṣù kẹwàá 2022, mo ti kó àjọ, mo ti bá àwọn ọlọ́kọ̀ sọ̀rọ̀ ní Jàbí. Àsìkò yẹn gan-an ni omi kún àkúnya ní Lokoja, tó gba ojú títì lọ́wọ́ mọ́tò ní Koton Karfe, tí tírélà àti bọ́ọ̀sì tò gbọọrọ. Omi ni ò jẹ́ ká dé ibi omi. Lọ́dún tó tẹ̀lé e, ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní ìparí oṣù karùn-ún. Lítà epo tí kò tó 200 náírà fò kọjá 500 láàárín ọjọ́ díẹ̀, owó ọkọ̀ náà bá a gbéra. Mo fi owó òkun san owó ilé ìwé. Ní 2024, ẹ̀rọ ìránṣọ mi kan kú. Mi ò ní sọ̀rọ̀ bàbá ọmọ níbí. Ẹni tí kì í san owó ilé ìwé, ta ló fẹ́ bá a sọ ti òkun?

Aránṣọ kì í rìnrìn àjò kí Kérésì tó kọjá. Ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n ni mo kó bùbá fún oníbàárà tó kẹ́yìn (ó ní ọrùn rẹ̀ fẹ̀ jù, ọrùn ò fẹ̀ jù), nígbà tó di ọjọ́ kejì, a ti wà nínú ọkọ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́. Ọmọ mi ki íápíìsì bọ etí láti Zuba. Nígbà tí a gun afárá, mo fọwọ́ tọ́ ọ: “Wo Odò Ọya. Inú òkun lomi yìí ń lọ.” Ó yọ ẹyọ kan, ó wo ìta, ó ní, “Ó jọ omi àgbàrá,” ó dá a padà sétí.

Ọmọ Kàbbà ni mí. Àwa ni wọ́n ń pè ní Òkun, torí òkun la fi ń kíra wa. O ti oko dé, òkun. O jókòó jẹ́ẹ́, òkun. Mo ti pé ọdún mọ́kànlélógójì, ẹnu mi ti fi òkun kí gbogbo ayé, ojú mi ò tíì rí òkun rí. Abuja tí mo ń gbé, àpáta la mọ̀: Zuma lápá kan, Aso lápá kejì.

Ilé àbúrò mi ní Ìyànà Ìpájà la sùn sí. Ọjọ́ Ajé la wọ ọkọ̀ ojú omi ní CMS, ó di Tarkwa Bay. Mọ́tò kì í débẹ̀. Àbúrò mi ló yàn án fún wa, torí àwọn òkúta ńláńlá tí wọ́n tò sẹ́nu èbúté ń gba ìgbì dúró, omi ibẹ̀ kì í le tó ti àwọn etíkun tó kọjú sí agbami gbangba. Àwa méjèèjì ò kúkú mọ̀ wẹ̀. Ọkọ̀ ńlá kan tó ń lọ sí Apápá kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, kọ̀ǹtẹ́nà tò lórí rẹ̀ bí páálí Indomie. Èmi àgbàlagbà, mo di aṣọ ọmọ mi mú.

Mo ti rán aṣọ ìwẹ̀ fún wa, àǹkòó, láti inú aṣọ tó máa ń nà tí mo rà ní Wuse. Ó wò ó bí ẹni wo ejò. “Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wọ tiyín.” Ó dùn mí. Mo ra àgbọn, mi ò lè jẹ ẹ́. Òun náà mú fóònù, ó jókòó síbòmíràn. Ìlérí ọdún mẹ́ta, a wá kẹ́yìn síra létí òkun.

Ìbínú ni mo bá wọ omi. Ohun tí ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi ni pé bí òkun bá ń fà padà, ó máa ń wa iyanrìn lábẹ́ gìgísẹ̀ ẹni díẹ̀díẹ̀, bí eku tó ń jẹ ẹsẹ̀, tó tún ń fẹ́ ẹ. Mo ń wo ẹsẹ̀ mi, mi ò wo iwájú. Ìgbì kan gbé mi jókòó gbìì, ó bu iyọ̀ sí mi nímú lẹ́nu, nígbà tó máa padà, ó mú wíìgì lọ. Wíìgì 45,000! Ó ń léfòó bí òkú adìẹ. Irun tí mo ti dì sábẹ́ rẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ta síta jákujàku.

Mo wá gbọ́ ẹ̀rín. Mi ò gbọ́ irú ẹ̀rín yẹn mọ́ látìgbà tó ti wọ JSS 2. Ó mú un kúnlẹ̀ sínú iyanrìn. Ó ju fóònù sílẹ̀, ó sáré wọ omi tòun ti jíǹsì, ó ń pariwo: “Mọ́mì, òkun ń kí yín, ẹ ò dáhùn!” Ní ilé wa, èmi ni ìyá, èmi ni bàbá, kò rí mi kí n ṣubú rí. Mo fẹ́ bá a wí, iyọ̀ ò jẹ́, èmi náà bú sẹ́rìn-ín. Ọmọ apẹja kan ló bá wa yọ wíìgì náà. Ó ní 1,000, mo fún un ní 500.

Nígbà tó di ọ̀sán, ó lọ wọ aṣọ tí mo rán. Kò sọ nǹkan kan, èmi náà ò sọ. Apá òsì fẹ̀ ju tọ̀tún lọ. Mo rí i, mo dákẹ́.

Ìyá mi pè láti Kàbbà nírọ̀lẹ́ yìí. Gbogbo ohun tí wọ́n fẹ́ mọ̀ ni pé ṣé òkun níyọ̀ lóòótọ́, àbí àwọn ará Èkó ń purọ́. Mo gbé fóònù fún ọmọ, mo bá iṣẹ́ mi lọ.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde báyìí pé kí n bu omi, kí n fọ wíìgì yẹn kí n tó sùn. Ẹni tí mo rò pé ó ti sùn ké láti yàrá: “Mọ́mì, ẹ má tíì fọ̀ ọ́ o! Mo ti ní kí Màmá máa retí ẹ̀ ní Kàbbà. Wọ́n fẹ́ tọ́ ọ wò.”