Ẹ̀fúùfù tí ń bọ̀ láti ìlà oòrùn

Alẹ́ Ọjọ́bọ̀.

Ọ̀rọ̀ tí Sherlock Holmes, ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ inú ìtàn nì, sọ kẹ́yìn nínú fíìmù tí mo wò lánàá kò tíì kúrò lọ́kàn mi. Ó ní ẹ̀fúùfù kan ń bọ̀ láti ìlà oòrùn, irú èyí tí kò fẹ́ lu ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì rí. Ó ní yóò tutù, yóò sì korò, ọ̀pọ̀ nínú wa sì lè rọ dànù kí ó tó kọjá. Síbẹ̀, ẹ̀fúùfù Ọlọ́run ni, nígbà tí ìjì náà bá sì rọlẹ̀ tán, ilẹ̀ tí ó mọ́, tí ó dára, tí ó sì lágbára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ ni oòrùn yóò máa ràn sí. Mo dá fíìmù náà padà sẹ́yìn kí n lè tún un gbọ́. Lẹ́yìn náà ni mo pa á, tí mo sì jókòó síbẹ̀ nínú òkùnkùn fún ìgbà pípẹ́, nítorí n kò mọ̀ bóyá ìtùnú ni mo gbọ́ tàbí ìkìlọ̀.

Sherlock Holmes and the Voice of Terror ni orúkọ fíìmù náà. Ilé-iṣẹ́ Universal ni ó gbé e jáde ní Amẹ́ríkà ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1942, John Rawlins ni ó darí rẹ̀, Basil Rathbone ṣe Holmes, Nigel Bruce sì ṣe Dókítà Watson, ọ̀rẹ́ rẹ̀. Àwọn méjèèjì ti ṣe irú rẹ̀ méjì ní ọdún 1939 fún ilé-iṣẹ́ mìíràn, níbi tí ẹṣin ti ń fa ọkọ̀ kiri ìgboro London bí ó ti rí láyé Ọbabìnrin Victoria. Universal kò fẹ́ ìyẹn. Wọ́n gbé ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ náà kúrò láyé tirẹ̀, wọ́n sọ ọ́ sí àárín ogun tí ó ń lọ lọ́wọ́, èyí tí àwọn àgbà wa ń pè ní ogun Hitler, wọ́n sì kọ ọ́ síbẹ̀rẹ̀ fíìmù pé Holmes kì í darúgbó, kì í sì í yí padà. Ẹ̀yin tí ẹ ti ń bá mi bọ̀ mọ bí irú àyípadà bẹ́ẹ̀ ṣe máa ń dùn mí tó. Nígbà tí Holmes na ọwọ́ sí fìlà rẹ̀ àtijọ́, èyí tí ó jọ abetí-ajá, tí Watson rán an létí ìlérí tí ó ṣe, tí ó sì fi í sílẹ̀ tí ó mú àkẹtẹ̀ lásán dé, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ má wo ìyókù mọ́.

Ṣùgbọ́n mo wò ó. Ohùn kan ni ọ̀tá inú fíìmù náà. Orí rédíò ni ó ti ń jáde láti Jámánì, tí ó ń kéde fún àwọn ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pé ọkọ̀ ojú irin báyìí ti dànù, pé ibi báyìí ti jóná, nígbà tí iná náà ṣì ń jó lọ́wọ́. Ẹni tí ó bá mọ ìtàn William Joyce, ẹni tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì sọ ní Lord Haw-Haw, tí ó ń ti Jámánì bá wọn sọ̀rọ̀ lórí rédíò nígbà ogun náà, tí wọ́n sì yẹgi fún ní oṣù Kìíní ọdún 1946, yóò mọ ibi tí wọ́n ti rí ohùn náà. Kì í ṣe iná ni ó bà mí lẹ́rù, bí kò ṣe bí ohùn náà ṣe dá ara rẹ̀ lójú tó. Ó ń sọ aburú bí ẹni tí ó ti rí òpin gbogbo nǹkan. Èmi tí mo ti ń fi ìbẹ̀rù ṣí fóònù mi láti ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá mọ irú ohùn bẹ́ẹ̀.

Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ Kitty díẹ̀. Evelyn Ankers ni ó ṣe é. Gavin, ọkùnrin tí ó ń bá Holmes ṣiṣẹ́, ti ṣubú sẹ́nu ọ̀nà ilé Holmes ní Baker Street pẹ̀lú ọ̀bẹ lẹ́yìn, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, "Christopher", ni ó sì sọ kí ẹ̀mí tó bọ́ lára rẹ̀. Holmes ń wá ẹni tí yóò béèrè ìtumọ̀ rẹ̀ níbi tí ẹsẹ̀ ọlọ́pàá kò lè dé, ìyẹn ni ó gbé e dé ilé ọtí kan ní Limehouse, àdúgbò kan ní London, lọ́dọ̀ Kitty, obìnrin tí Gavin fi sílẹ̀. Èéfín sìgá kún inú ilé náà, ojú tí ń wo Holmes kò sì fẹ́ràn rẹ̀ rárá. Kitty ni ó dìde. Ó bá àwọn olè àti ọ̀mùtí ibẹ̀ sọ̀rọ̀, àwọn tí ìjọba kò ṣe oore kankan fún rí, ó sọ fún wọn pé ilẹ̀ náà ti wọn ni, ọ̀rọ̀ náà sì wọ̀ wọ́n lára tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi tú jáde lọ wádìí. Obìnrin yìí kan náà ni ó tún lọ sọ ara rẹ̀ di ọ̀rẹ́ amí Násì tí ó ń jẹ́ Meade, kí ó lè máa tú àṣírí rẹ̀.

Ó kú. Nínú ṣọ́ọ̀ṣì ahoro kan létí òkun ni Meade ti yìnbọn pa á, lẹ́yìn tí Holmes ti tú àṣírí ọlọ̀tẹ̀ tí ó ń bá ọ̀tá ṣiṣẹ́ tán, pé ẹni ńlá kan nínú ìgbìmọ̀ ìjọba ni, ará Jámánì tí ó ti gba ipò ẹlòmíràn láti ìgbà ogun àkọ́kọ́. Òkú Kitty ṣì wà nílẹ̀ tí Holmes fi yíjú sí Watson tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ ẹ̀fúùfù. Ìbínú ni mo bá sùn. Ó dà bíi pé wọ́n fi ọ̀rọ̀ dídùn bo òkú obìnrin tálákà kan mọ́lẹ̀, kí àwọn òǹwòran lè ti sinimá jáde pẹ̀lú ìtura, kí wọ́n sì padà sẹ́nu iṣẹ́ ogun.

Lónìí, mo lọ gba oògùn, òjò ká mi mọ́ ibẹ̀, mo padà wálé, mo ro àmàlà, n kò lè jẹ ẹ́ tán.

Ibi tí mo ti ń dúró de òjò ni mo ti gbọ́ ohun tí ó yí ọ̀rọ̀ náà padà fún mi. Obìnrin kan ń tu èyí tí ó kéré sí i lọ́jọ́ orí nínú, ó ń tẹnu mọ́ ọn pé yóò dára, yóò dára, ni èyí àbúrò náà bá rọra dá a lóhùn pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mọ bí ó ti burú tó ná, kí ẹ tó sọ fún mi pé yóò dára." Kò sí àrífín nínú ohùn rẹ̀, ó kàn rẹ̀ ẹ́ ni. Èmi náà ti gbọ́ "yóò dára" títí ó fi sú mi láti ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ ilé wa ti bẹ̀rẹ̀, n kò sì rí ẹnu sọ ohun tí ọmọ náà sọ.

Holmes kọ́kọ́ sọ bí yóò ti burú tó. Ó sọ pé yóò tutù, ó sọ pé yóò korò, ó sọ pé àwọn kan nínú wa kò ní í kọjá, kí ó tó dárúkọ oòrùn rárá.

Nígbà tí mo délé ni mo tún ìtàn tí wọ́n ti mú ọ̀rọ̀ náà kà. His Last Bow ni, Arthur Conan Doyle, ẹni tí ó dá Holmes sílẹ̀, tẹ̀ ẹ́ jáde ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1917, ṣùgbọ́n alẹ́ ọjọ́ kejì oṣù Kẹjọ ọdún 1914 ni ìtàn náà ṣẹlẹ̀, ó ku ọjọ́ méjì kí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wọ ogun. Ọ̀kan nínú àwọn ìtàn díẹ̀ tí kì í ṣe Watson ni ó sọ ọ́ fún wa ni. Kò sí Kitty níbẹ̀, kò sí rédíò, kò sí Hitler. Fíìmù náà kò mú ju ìwọ̀nba díẹ̀ nínú rẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹ̀fúùfù yìí ni ó sì ṣe iyebíye jù nínú ohun tí wọ́n mú. Òǹkọ̀wé náà ti rí ọdún mẹ́ta ogun kí ó tó fi ọ̀rọ̀ náà sí Holmes lẹ́nu bí àsọtẹ́lẹ̀. Ẹni tí ẹ̀fúùfù ti ń gbá lójú ni ó kọ ọ́. Síbẹ̀, kò tíì rí gbogbo rẹ̀. Kingsley, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, tí wọ́n ti ṣe léṣe lójú ogun Somme ní ilẹ̀ Faransé ní ọdún 1916, ṣì wà láàyè nígbà tí baba rẹ̀ ń kọ̀wé pé ọ̀pọ̀ nínú wa lè rọ dànù. Oṣù Kẹwàá ọdún 1918 ni ó kú. Innes, àbúrò òǹkọ̀wé náà, tẹ̀lé e ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1919.

Nítorí náà mo sọ nínú ara mi pé, ó sọ ọ́ nítorí pé kò mọ̀. Ẹni tí kò bá mọ̀ lè ṣèlérí oòrùn.

Ṣùgbọ́n Rathbone ńkọ́? Ọ̀gágun kékeré ni òun náà nínú ogun àkọ́kọ́ yẹn. Ó máa ń yọ́ lọ ṣe amí sí ìhà àwọn ará Jámánì, wọ́n sì fún un ní Military Cross, àmì ẹ̀yẹ fún ìgboyà lójú ogun. John, àbúrò rẹ̀, ni wọ́n pa ní oṣù Kẹfà ọdún 1918. Nigel Bruce tí ó dúró tì í gẹ́gẹ́ bí Watson náà gba ọta ìbọn lẹ́sẹ̀ nínú ogun yẹn kan náà. Ọkùnrin méjì tí ẹ̀fúùfù àkọ́kọ́ ti fẹ́ lù ni ó dúró níbẹ̀, tí ọ̀kan ń sọ fún èkejì pé òmíràn ń bọ̀, ní ọdún 1942, nígbà tí ẹnikẹ́ni kò tíì lè fọwọ́ sọ̀yà nípa ibi tí ogun yóò parí sí. Rathbone mọ ohun tí "rọ dànù" túmọ̀ sí nínú ilé tirẹ̀. Ó mọ̀ pé ilẹ̀ mímọ́ tí wọ́n ṣèlérí ní ọdún 1917 kò pé ogún ọdún ó lé díẹ̀ kí ogun mìíràn tó dé. Ó sì sọ ọ́ síbẹ̀.

N kò mọ ohun tí mo fẹ́ fi ìyẹn ṣe. Bóyá iṣẹ́ òṣèré lásán ni, wọ́n fún un ní ìwé, ó kà á. Ṣùgbọ́n ohùn ọkùnrin náà kò dún bí ti ẹni tí ń kàwé.

Ìdáhùn Watson sì tún wà. Nígbà tí Holmes kọ́kọ́ dárúkọ ẹ̀fúùfù náà, Watson ní òun kò rò bẹ́ẹ̀, pé ooru ni ó ń mú. Holmes kò bá a jà. Ó ní Watson nìkan ni kò yí padà láyé tí gbogbo nǹkan ń yí. Mo ti ka ibẹ̀ láìmọye ìgbà, mo sì máa ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n lónìí irú Watson bẹ́ẹ̀ ni ó ń wù mí kí ó jókòó tì mí, ẹni tí kò mọ ọ̀rọ̀ ìtùnú kankan í sọ, tí yóò máa sọ̀rọ̀ ooru fún mi, tí kò sì ní í dìde lọ.

Ohun kan tún wà tí fíìmù náà kò mọ̀, tàbí tí kò bìkítà fún. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni Holmes dárúkọ, bẹ́ẹ̀ sì ni ẹ̀fúùfù yẹn gbá àwọn ọmọ wa náà dé Bọ́mà, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kò sì padà wálé. Ta ni ó dúró tì wọ́n tí ó sọ fún wọn bí yóò ti tutù tó?

Mo ti ń gba ọ̀rọ̀ Holmes gbọ́ díẹ̀díẹ̀, mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ nítorí pé ọkàn mi ti rọ̀ ju ti àná lọ. Ṣùgbọ́n mo ṣì ń bá fíìmù náà jà lórí Kitty. Gbólóhùn ìdúpẹ́ kúkúrú ni Holmes sọ lórí òkú rẹ̀ kí ó tó kọjá sórí ọ̀rọ̀ ẹ̀fúùfù, ìyẹn kò sì tó fún ẹni tí ó gbé gbogbo Limehouse dìde. Ó yẹ kí wọ́n dúró tì í pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí mo bá tún un wò lọ́la, ibi tí ó ti dìde nílé ọtí ni n ó ti bẹ̀rẹ̀.