Ọwọ́ tó ń wá ẹnu

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe hypnosis tálẹ́ yìí tán ni, ìyẹn kéèyàn mú ọkàn rọ̀ kó sì pa á pọ̀ sójú kan, kó lè gba ohun tó bá sọ fún un, ara mi ṣì rọ̀ bí mo ṣe ń tẹ eléyìí. Ẹ má rò ó sí ti àwọn tó máa ń mi agogo lójú èèyàn nínú fíìmù o, tí wọ́n á ní kó máa kọ bí àkùkọ, eré lásán nìyẹn. Tèmi ò lariwo. Màá jókòó, màá tẹjú mọ́ ojú kan lókè ògiri títí ìpéǹpéjú á fi wúwo, màá dijú, màá wá máa kà láti ẹẹ́wàá padà sí oókan, bí mo bá ti ń mí síta ni mò ń ka ọ̀kan, èjìká á rọ̀, àgbọ̀n á rọ̀, kí n tó ka ẹẹ́ta ariwo ìta á ti dà bíi pé ó jìnnà. Oorun kọ́ ni o, mò ń gbọ́ gbogbo ẹ̀, tí fóònù bá dún tó sì wù mí, màá gbé e.

Èékánná jíjẹ ló gbé mi débẹ̀. Àgbà tó ń jẹ èékánná! Mo ti fi nǹkan kíkorò pa á rí, mo lá kíkorò náà tán mo tún ń jẹ ẹ́ lọ. Ọ̀rọ̀ ibẹ̀ ni pé ọwọ́ á ti dé ẹnu kí n tó mọ̀. Torí ẹ̀ ni mi ò ṣe ń sọ pé "mi ò ní jẹ èékánná mọ́", ìyẹn gan-an ló ń rán mi létí ẹ̀. Ohun tí mo ń sọ fún ara mi bí mo bá ti dijú ni pé "bí ìka bá ti kan ètè, màá mọ̀, màá gbé e sórí itan", màá sì rí i lọ́kàn, bó ṣe gòkè, bó ṣe kan ètè, bó ṣe sọ̀kalẹ̀, bí aṣọ ṣe rí lábẹ́ ìka. Lónìí nínú mítíìn, ọwọ́ dìde, ó dé àgbọ̀n, ó dúró. Ẹ̀rín fẹ́ pa mí.

Ọ̀dọ̀ Mesmer, dókítà ayé ọjọ́un, ni ìtàn hypnosis ti bẹ̀rẹ̀. Ó ní agbára kan ló ń ti ara òun jáde bíi ti mágínẹ́ẹ̀tì. Ní 1784 ọba Faransé ní kí àwọn onímọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò, Benjamin Franklin, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà, wà níbẹ̀, wọn ò rí agbára kankan, wọ́n ní ohun tí èèyàn gbà lọ́kàn ló ń ṣiṣẹ́. Wọ́n bá dà á nù. Lójú tèmi, ohun tí wọ́n dà nù yẹn gan-an ni iṣẹ́! Láàárín 1840 sí 1850 ni James Braid, dókítà ará Scotland, wá fi hàn pé títẹjú mọ́ nǹkan nìkan tó, kò nílò mágínẹ́ẹ̀tì kankan.

Hypnosis kì í wọ gbogbo èèyàn lára bákan náà ṣá, èmi wà láàárín. Ẹni tó bá ní ìjókòó hypnosis kan péré lòun á fi gba sìgá lẹ́nu yín láéláé, ẹ di owó yín mú, torí nígbà tí àwọn Cochrane, ẹgbẹ́ tó ń yẹ ìwádìí ìṣègùn wò, kó ìwádìí jọ ní 2019, wọn ò rí ẹ̀rí tó dájú pé ó ju ọ̀nà mìíì lọ. Ẹni tó bá sì ń gbọ́ ohùn tí ẹlòmíì ò gbọ́, kó kọ́kọ́ bá dókítà sọ̀rọ̀.

Àtàǹpàkò òsì nìkan ló ṣì ń ṣe oríkunkun, etí ẹ̀ rí ṣákaṣàka, mo rò pé ìgbà tí mo bá ń kàwé ló máa ń yọ́ lọ, torí náà lọ́la màá fi ìwé sínú àwòrán ọkàn náà, kí n wò ó bóyá á gbọ́.